Bí A Ṣe Ń Ka Èsì Àyẹ̀wò Purotéènì Nínú Jẹjẹrẹ Àpòlúkù

Kí ẹ tó wo orúkọ purotéènì kankan nínú èsì àyẹ̀wò aláìsàn, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí jẹjẹrẹ náà dé: bó ṣe wọnú ògiri àpòlúkù tó, bóyá ó ti mú àwọn kókó tó ń gbógun ti àrùn nítòsí rẹ̀, àti bóyá ó ti dé ẹ̀dọ̀. Kò sí purotéènì tó lè dípò èyí. Lẹ́yìn náà, ẹ bèèrè bóyá bí àìsàn náà yóò ṣe rìn ni purotéènì yìí ń sọ, tàbí oògùn tí yóò ṣiṣẹ́ fún un. Ọ̀tọ̀ ni èyí, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn.

Ẹ mú HER2, purotéènì kan lára sẹ́ẹ̀lì tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì dàgbà. Bí ara sẹ́ẹ̀lì bá ṣe gba àwọ̀ àyẹ̀wò tó ni wọ́n fi ń fún un ní máàkì láti 0 dé 3+. 0 àti 1+ kò ní in, 3+ ní in, ṣùgbọ́n 2+ kò tíì já sí ibì kan títí wọn yóò fi ka ẹ̀dà jíìnì rẹ̀. Nínú ìwádìí ToGA tó jáde ní 2010, tí wọ́n ṣe fún àwọn tí jẹjẹrẹ wọn ní HER2, ìdajì àwọn tó gba trastuzumab (oògùn tó ń dojú kọ HER2) mọ́ oògùn kímò (chemotherapy) ló lò ju oṣù 13.8 lọ láyé, nígbà tí ti àwọn tó gba kímò nìkan jẹ́ oṣù 11.1. Nítorí pé HER2 lè wà ní apá kan jẹjẹrẹ kó má sí ní apá kejì, mo gbà pé ó yẹ kí ẹran tí wọ́n gé fún àyẹ̀wò tó ègé 6 sí 8.

MLH1, PMS2, MSH2 àti MSH6, àwọn purotéènì tó ń tún àṣìṣe inú DNA ṣe, ni ó gba sùúrù jù. Àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti ń gba àwọ̀, bí ọ̀kan bá sì pòórá, jẹjẹrẹ náà sábà máa ń jẹ́ irú èyí tí oògùn tó ń ta àjẹsára ara jí ń ràn lọ́wọ́. Àmọ́ ẹ wo sẹ́ẹ̀lì tó dá ṣáṣá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí gíláàsì kan náà: bí òun náà kò bá gba àwọ̀, àyẹ̀wò náà ló bàjẹ́, kì í ṣe purotéènì ló pòórá, ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe.

Fún PD-L1, purotéènì tí jẹjẹrẹ lè fi sá pamọ́ fún àjẹsára ara, ẹ rí i dájú pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó wà láàyè tí wọ́n kà kò dín ní 100.

CEA inú ẹ̀jẹ̀, purotéènì kan tí jẹjẹrẹ lè tú sínú ẹ̀jẹ̀, wúlò fún ìtọpinpin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Bó bá wálẹ̀ tó sì tún ń gòkè, ẹ ní kí dókítà tún àwòrán inú ara yà, kí ẹ sì máa lo yàrá àyẹ̀wò kan náà, nítorí òǹkà yàrá méjì kì í sábà bára mu.