Kóòdù ti sọnù, Uno ṣì ń ṣiṣẹ́: ìbéèrè tí ẹ ò yé bi mí

Láti Yábá dé Mushin, ẹjọ́ kan náà ni: wọ́n jí laptop, tàbí hard disk kú, kóòdù bá a lọ, Arduino Uno (bọ́ọ̀dù kékeré tí a ń kọ kóòdù sí kó lè darí ẹ̀rọ) tó wà nílé oníbàárà sì ń ṣiṣẹ́ lọ ní tiẹ̀. Ẹnu mi ti bó.

Ṣé mo lè rí kóòdù tí mo kọ gbà padà látinú bọ́ọ̀dù?
Rárá. Ẹ̀lùbọ́ ló wà nínú ATmega328P, ṣíìpù orí Uno, kì í ṣe iṣu: kóòdù yín ti di èdè ẹ̀rọ kó tó débẹ̀. Orúkọ tí ẹ fún pin àti àlàyé tí ẹ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòdù kò dé ibẹ̀ rárá. Àmọ́ ẹ lè kó ẹ̀lùbọ́ yẹn bó ṣe wà, kí ẹ dà á sínú Uno mìíràn, yóò sì ṣiṣẹ́ bákan náà.

Kí n kọ́kọ́ fi Blink, kóòdù àpẹẹrẹ tó ń tan iná kékeré, dán an wò?
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò! Orí ohun tí ẹ ń wá gan-an ni Blink máa jókòó lé.

Kọ̀ǹpútà ò rí bọ́ọ̀dù.
Ẹ pààrọ̀ waya. Èyí tó wà fún ṣáájì nìkan kì í gbé dátà. Bí bọ́ọ̀dù bá ní CH340 (ṣíìpù USB), ẹ fi dírafà rẹ̀ sí i. Ẹ pa Serial Monitor, fèrèsé tó ń fi ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀dù hàn lórí kọ̀ǹpútà.

Kí ni kí n tẹ̀?
Kọ́máàndì avrdude nìyí, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka ṣíìpù tó sì ń kọ sí i:
avrdude -c arduino -p m328p -P COM3 -b 115200 -U flash:r:eda.hex:i

Ẹ fi pọ́ọ̀tù tiyín rọ́pò COM3. Lẹ́tà r ló ń kà, w ló ń kọ. Ẹni tó bá ṣì í tẹ̀, kó má wá sunkún sí mi létí. Bí bọ́ọ̀dù bá jẹ́ Nano àtijọ́ (àbúrò Uno), ẹ fi 57600 rọ́pò 115200, ìyẹn ìyára tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wò ó bóyá fáìlì méjèèjì bára mu.

avrdude ń sọ pé "not in sync: resp=0x00".
Èyí fojú mi rí màbo. Mo ti ṣe Uno kan tẹ́lẹ̀ fún lánlọ́ọ̀dù kan ní Ṣómólú, tó ń tan pọ́ǹpù bí omi táǹkì bá lọ sílẹ̀. Bàbá fẹ́ irú rẹ̀ sí ilé kejì, hard disk tèmi sì ti kú. Mo pa iná NEPA, mo tú rílé (súìsì tó ń tan pọ́ǹpù) kúrò (ẹ má fi laptop kan bọ́ọ̀dù tí iná 220 volt ṣì wà lára rẹ̀ o), mo tẹ kọ́máàndì. Not in sync. Mo pààrọ̀ waya, mo yí 115200 sí 57600, pàbó. Mo yọ ohun tó wà lórí pin 0 àti 1, torí ojú ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà bá ṣíìpù sọ̀rọ̀ nìyẹn. Síbẹ̀ náà ni. Mo ti ń ṣépè fún ẹni tó tà á fún mi ní Computer Village. Ìyá onílé gbé omi wá: "Injiníà, ẹ mu omi ná." Ibi tí mo ti ń mu ún ni mo yí bọ́ọ̀dù dojú dé, ni mo bá rí capacitor 10 µF láàárín RESET àti GND. Èmi náà ni mo jó o mọ́ ibẹ̀! Nígbà yẹn, bí mo bá ti ṣí Serial Monitor, bọ́ọ̀dù á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ni mo bá fi dí i lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀, àtúnbẹ̀rẹ̀ yẹn gan-an ni avrdude fi ń jí bootloader, ètò kékeré inú ṣíìpù tó ń dá a lóhùn. Mo tú ẹsẹ̀ capacitor kan, fáìlì sì wọlé wẹ́rẹ́. Bí ẹ ò bá ní áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́, ẹ tẹ RESET mọ́lẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ bí kọ́máàndì ṣe ń bẹ̀rẹ̀.

Bọ́ọ̀dù tuntun ò rántí ìwọ̀n táǹkì.
Inú EEPROM, ìrántí mìíràn nínú ṣíìpù, ló wà. Optiboot, bootloader Uno, kì í kà á fún yín. Ẹ so USBasp (ẹ̀rọ tó ń ka ṣíìpù láìlo bootloader) mọ́ ICSP, pin mẹ́fà tó wà lórí bọ́ọ̀dù:

avrdude -c usbasp -p m328p -U eeprom:r:iranti.hex:i

Bí wọ́n bá ti fi lock bits ti ṣíìpù pa kí ẹnikẹ́ni má bàa kà á ńkọ́?
Ẹ lọ bá ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà. Chip erase, àṣẹ tó ń pa ohun inú ṣíìpù rẹ́, á ṣí ilẹ̀kùn lóòótọ́, àmọ́ ó ti kó ẹrù inú ilé dànù kó tó ṣí i.