Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ yin rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá ní Amẹ́ríkà, ẹ yẹ ọrùn ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó kúrò nílé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Látìgbà táwọn ará wa ní Houston níbí ti rí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó dúró ní kọ̀rọ̀ pálọ̀ mi ni wọ́n ti ń bi mí pé báwo lèèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀, èló ni, ṣé ọlọ́pàá ò ní mú èèyàn ni. Mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí ohun tójú mi rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mi ò fẹ́ kójú ọmọ Yorùbá kankan tún rí i.

Ẹ jẹ́ n yára sọ ti àṣẹ, ìyẹn ò le. Rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré táwọn ọmọdé ń rà ní ṣọ́ọ̀bù, tí gbogbo ara ẹ̀ ò ju gíráàmù 1,500 lọ, tí ohun tó ń jó nínú ẹ̀ ò sì ju gíráàmù 125 lọ, ìyẹn ò nílò àṣẹ FAA, àwọn tó ń bójú tó òfuurufú. Tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, àṣẹ gbọ́dọ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ lẹ máa lọ gbà á, kílọ́ọ̀bù tó ni pápá ló ń gbà á fún ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yìn ín. Ẹgbẹ́ ńlá méjì àwọn tó ń yin rọ́kẹ́ẹ̀tì ló wà, NAR tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1957, àti Tripoli. Ẹ wọ ọ̀kan nínú ẹ̀, ẹ wá kílọ́ọ̀bù tó sún mọ́ yín, ẹni tó bá ti tó ọmọ ọdún 18 lè gba Level 1, ìyẹn ìwé tó jẹ́ kó lè yin ẹ́ńjìnnì H àti I, lẹ́tà ni wọ́n fi ń mọ agbára ẹ́ńjìnnì. Level 2 ni J, K àti L, ẹ ó jókòó kọ ìdánwò fún ìyẹn. Level 3 ni M títí dé O. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, agbára ẹ̀ lè tó ìlọ́po méjì ti èyí tó ṣáájú ẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wò ó pé I kàn fi díẹ̀ ju H lọ.

Ìwé Level 1 ò ṣeé rà o! Mo ń pariwo ẹ̀ torí mo mọ arákùnrin wa kan tó ti fún ẹnì kan lówó pé kó bá òun kan rọ́kẹ́ẹ̀tì, kó kùn ún, kóun kàn wá yìn ín. Wọ́n bi í lórí pápá pé ṣé òun ló kàn án, kò lè purọ́, bó ṣe gbé e padà sínú ọkọ̀ nìyẹn. Ìwọ fúnra ẹ lo gbọ́dọ̀ kàn án, kó fò, kí párásúùtì ẹ̀ ṣí, kó bọ̀ sílẹ̀ láìbàjẹ́, kí ẹni tó láṣẹ rí i lójú ara ẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i. Àwọn kan tún ń dẹ́rù ba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé wọ́n gbọ́dọ̀ gba ìwé ATF, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó abúgbàù, kí wọ́n tó ra ẹ́ńjìnnì, pé kí wọ́n mówó wá káwọn bá wọn ṣe é. Irọ́ ni. Ilé ẹjọ́ ti dá ẹjọ́ yẹn ní 2009, wọ́n sì ti yọ ohun tó ń jó nínú ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí kúrò lára ohun tí ATF ń kà sí abúgbàù. Ẹ̀tù dúdú tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ ní òfin tiẹ̀, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ èyí.

Ti kíkàn ẹ̀, ẹ ra kit, ìyẹn páálí tí gbogbo ẹ̀yà ẹ̀ wà nínú ẹ̀, ẹ ka ìwé tó wà níbẹ̀, ẹ fi epoxy, gọ́ọ̀mù líle yẹn, lẹ ìyẹ́ ìdí ẹ̀ kó dúró ṣánṣán, ẹ fi sáńpépà ha ibi tí epoxy máa dì mú kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́. OpenRocket, ètò orí kọ̀ǹpútà kan, ọ̀fẹ́ ni, òun lẹ máa fi wò ó bóyá ibi tí ìwúwo ẹ̀ wà fi ó kéré tán ìbú páìpù kan ṣáájú ibi tí atẹ́gùn ti ń tì í. Tẹ́ ẹ bá rí H123 lára ẹ́ńjìnnì, 123 yẹn ni bó ṣe ń ti nǹkan, wọ́n ń fi Newton kà á. Rọ́kẹ́ẹ̀tì mi wọn nǹkan bíi kílò méjì pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì nínú ẹ̀, ìyẹn bíi Newton 20, ìlọ́po márùn-ún ẹ̀ ni 100, èyí tí wọ́n sì ń fẹ́ ni pé kó tó ìlọ́po márùn-ún, H123 kọjá ẹ̀. Ìṣirò ò pọ̀ jùyẹn lọ.

Ọ̀dà ló pa mí lára.

Mo fẹ́ kó yàtọ̀ sí ti gbogbo èèyàn, mo wá fi búlúù bí aró kun gbogbo ara ẹ̀, mo gé bébà, mo fi fọ́n bátànì àdìrẹ ẹlẹ́kọ funfun láti àárín dókè. Fún ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wà nínú gáréèjì, nínú oṣù kẹfà, ẹ sì mọ bí afẹ́fẹ́ Houston ṣe máa ń ní ọ̀rinrin nígbà yẹn, bíi ti Èkó tójò fẹ́ rọ̀. Mo kùn ún nípọn, mo ṣe ìpele mẹ́rin torí mo fẹ́ kó máa dán. Ṣóńṣó orí ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní nose cone, ó ní ọrùn tó ń wọ inú páìpù, ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ti yọ nígbà tí ẹ̀tù kékeré tó wà lókè ẹ́ńjìnnì bá bú, kí párásúùtì lè jáde. Mi ò fi téèpù bo ọrùn yẹn. Mo fọ́n ọ̀dà sí i pẹ̀lú ìyókù, ó dán, inú mi dùn sí i. Nínú ilé tí AC wà, mo tì í díẹ̀, ó wọlé. Mi ò fura.

Pápá màlúù kan ni wọ́n ń lò, ìrìn wákàtí méjì sílé wa. Ìyàwó mi gbé ìrẹsì àti kúlà dání, ọmọ mi ọkùnrin ò fẹ́ẹ̀ sùn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Kẹ́ ẹ tó gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì dé orí pad, ibi tí wọ́n ti ń yìn ín, ẹ máa gbé e lọ sọ́dọ̀ RSO, ìyẹn ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò tó sì lè sọ pé kò ní fò. Bàbá òyìnbó arúgbó kan ni lọ́jọ́ yẹn. Ó mi ìyẹ́ ẹ̀, ó fọwọ́ tọ́ ibi tí ẹ́ńjìnnì wà, ó wá di orí ẹ̀ mú, ó fà á. Ó dún kíí. Ó wojú mi, ó ní ṣé kò le jù.

Ẹ̀yin ará mi, mo mọ̀ pé ó le. Ọwọ́ mi ti sọ fún mi láàárọ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́fà ló tò sẹ́yìn mi, ìyàwó àtọmọ ń wò mí, àgbàlagbà ló ń béèrè ọ̀rọ̀, èmi nìkan ni aláwọ̀ dúdú lórí ìlà yẹn, mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń dá wọn dúró. Mo ní, "No sir, it's fine." Ó fọwọ́ sí i.

Wọ́n ka 5, 4, 3, 2, 1. Ó gbéra, iná ẹ̀ funfun, gbogbo èèyàn pariwo, èmi náà pariwo. Ó lọ títí ó fi kéré bí abẹ́rẹ́, ó rọra dojú kọlẹ̀, mo gbọ́ pòó, mo rí èéfín díẹ̀. Mo ń retí párásúùtì. Kò sí. Oòrùn ọ̀sán ti mú ọ̀dà tí ò tíì gbẹ dénú rọ̀, ó ti lẹ ọrùn mọ́ páìpù, ẹ̀tù tí ò tó ìlàjì ṣíbí tíì ò lè já a. Ẹni tó wà nídìí gbohùngbohùn ń kígbe pé kí gbogbo èèyàn gbójú sókè, àwọn tó jókòó dìde, mo rí ìyá kan tó fi ara ẹ̀ bo ọmọ ọwọ́. Ó ń sú fíí bọ̀. Ó gúnlẹ̀ níbi tí kò jìnnà sí àwọn ọkọ̀. Ká ní ó yà sápá òsì díẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ tí mo ń kọ yìí ì bá ti di ti ilé ẹjọ́ tàbí ti òkú, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Ṣọ́bìrì la fi wú u. Àdìrẹ mi ti rún bí bébà tí wọ́n fi di àkàrà, ìkòkò irin ẹ́ńjìnnì ti tẹ̀, nǹkan bíi $300 ló wọlẹ̀ lọ níbẹ̀, orí ẹ̀ sì ṣì wà lọ́rùn ẹ̀ digbí.

Nítorí Ọlọ́run, ẹ fi téèpù bo ọrùn yẹn kẹ́ ẹ tó gbé agolo ọ̀dà. Ẹ fi bo etí páìpù nínú, ẹ fi bo ihò ẹ́ńjìnnì, àwọn tó ní altimeter, ìyẹn ohun tó ń wọn bó ṣe ga tó, ihò kékeré tó fi ń mí, ẹ bò ó, kẹ́ ẹ sì ṣí i padà lẹ́yìn ọ̀dà, torí tí ọ̀dà bá dí i, kò ní mọ ìgbà tó débi gíga jù lọ. Fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ ni kẹ́ ẹ máa fọ́n ọ̀dà, ẹ má da oríṣi méjì pọ̀, á hunjọ. Tó bá jẹ́ Houston, ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kì í ṣe ọjọ́ méjì, ẹ má jẹ́ kí ohun tí wọ́n kọ sára agolo tàn yín jẹ. Tó bá wá gbẹ tán, ẹ di orí nìkan mú kẹ́ ẹ gbé gbogbo ẹ̀ sókè. Kò gbọ́dọ̀ já fúnra ẹ̀. Ẹ wá mì í díẹ̀, ó gbọ́dọ̀ yọ. Tí kò bá yọ, sáńpépà. Tó bá já kẹ́ ẹ tó mì í, ẹ yí téèpù mọ́ ọn. Ẹ ṣe é nílé, ẹ tún un ṣe nínú oòrùn lórí pápá, mo ní nínú oòrùn!

Ẹ má sì gbé ẹ́ńjìnnì wọ bàálù, ì báà jẹ́ nínú báàgì ọwọ́ tàbí èyí tẹ́ ẹ máa jù sábẹ́. Ẹnì kan ti bi mí bóyá òun lè kó méjì lọ fún àbúrò òun ní Abẹ́òkúta. Rárá o. Ẹ rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń tajà lórí pápá, kẹ́ ẹ sì lò ó níbẹ̀.

Mo padà lọ lóṣù kẹwàá pẹ̀lú òmíràn, mo ṣe bátànì kan náà sí i. Bàbá ọjọ́sí náà ló tún jókòó. Kó tó fọwọ́ kàn án ni mo ti mì í, ó dà bíi pé ó le díẹ̀, ọkàn mi gbọ̀n. Mo ní kó jọ̀ọ́ fún mi níṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi kàn bọ́ síwájú, kò wò mí tìkà, kò sọ nǹkan kan. Mo lọ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, mo ha ọrùn ẹ̀, ọmọ mi ń fẹ́ eruku búlúù kúrò lára ẹ̀ fún mi. Nígbà tí mo padà dé, bàbá yẹn mì í lẹ́ẹ̀kan, orí yọ sí i lọ́wọ́, ó ní "Now you're ready," ó sì fọwọ́ sí i. Nígbà tó bú lókè, mo rí párásúùtì pupa tó là, mi ò lè sọ̀rọ̀, ọmọ ti sá lọ gbé e.