Bí mo ṣe yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ológbò Àkúrẹ́ wò pẹ̀lú PCR

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe lọ, torí àwọn tó ń sin ológbò ní Àkúrẹ́ ń bi mí gan-an, pàápàá àwọn tí tiwọn kàn rẹ̀ sílẹ̀ ṣáá, tí ò jẹun mọ́, tí èrìgì ẹ̀ sì ti funfun. Kòkòrò tí mo fi PCR (àyẹ̀wò tó ń sọ DNA díẹ̀ di púpọ̀ kó lè hàn) wá nígbà project mi ní FUTA ni wọ́n ń pè ní hemoplasma, Mycoplasma haemofelis ló burú jù nínú wọn. Ara sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ló máa ń lẹ̀ mọ́, tó bá yá ara ológbò á bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀, ibẹ̀ ni àìtó ẹ̀jẹ̀ ti ń wá.

Dókítà ẹran ló gba ẹ̀jẹ̀ o, èmi ń bá a dì wọ́n mú ni. Tinú ilé ò le, a fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, ẹni tó ni ín ń bá a sọ̀rọ̀, ó parí. Àwọn ti Ọjà Ọba ló gba sùúrù, àwọn tó ń gbé ẹ̀yìn ìsọ̀ ẹlẹ́ja, ẹja la fi tàn wọ́n wọ àgò onírin. Mo sọ fún ìyá ẹlẹ́ja kan pé, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára ológbò yín." Wọ́n ní, "Ọmọ mi, kì í ṣe tèmi o, àmọ́ òun ló ń bá mi lé eku, ẹ má jẹ́ kó kú o."

Ìgò kékeré tí ìdérí ẹ̀ jẹ́ purple lẹ̀jẹ̀ ń wọ̀, EDTA ló wà níbẹ̀ tí ò ní jẹ́ kó dì. Ẹ má lo ìgò ti heparin, tóun náà kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì, torí ó máa ń dí PCR lọ́wọ́. Kẹ́ ẹ sì gbà á kí ológbò tó lo ògùn apakòkòrò kankan, torí ògùn lè lé kòkòrò náà sẹ́yìn débi tí àyẹ̀wò ò ní rí i mọ́.

A kọ́kọ́ fi síláìdì wò ó. Ọ̀pọ̀ ló mọ́ tónítóní lójú máíkírósíkóòpù, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, kòkòrò yìí á wà nínú ẹ̀jẹ̀ lónìí á pòórá lọ́la, tẹ́jẹ̀ bá sì pẹ́ nínú EDTA ó máa ń já bọ́ lára sẹ́ẹ̀lì. Kò sì ṣeé gbìn ní láàbù bíi bakitéríà yòókù.

Ìyẹn la ṣe yọ DNA inú ẹ̀jẹ̀ náà, a po ó mọ́ primer, ègé DNA kúkúrú tó ń wá jíìnì 16S rRNA kòkòrò náà, ó di inú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ á gbóná dé 95 lórí ìwọ̀n Celsius, á tutù sí bíi 60, á tún gun 72, bẹ́ẹ̀ lá máa ṣe, ẹyọ kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, tó bá fi yípo nígbà 30 ó ti lè lé ní bílíọ̀nù kan. Mo fi omi lásán sí ìgò kan, DNA kòkòrò tó dájú sí òmíràn, torí tí omi bá gbé ìlà (àmì tó ń fi hàn pé DNA kòkòrò náà wà) jáde, gbogbo iṣẹ́ yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn.

Omi ò gbé nǹkan kan jáde. Àwọn akọ ńlá tó ń jà nígboro ni mo ti rí ìlà jù, títí kan àwọn tí síláìdì wọn mọ́.

Ṣùgbọ́n ìlà nìkan ò túmọ̀ sí àìsàn o, àwọn kan gbé hemoplasma mìíràn tó ń jẹ́ haemominutum láìṣe nǹkan kan, ẹ bi dókítà bí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Amoxicillin ò ràn án, kòkòrò yìí ò ní ògiri ara tí irú ògùn yẹn ń wó. Doxycycline ni wọ́n sábà máa ń kọ, kẹ́ ẹ fún un lómi lẹ́yìn ẹ̀ torí ó máa ń jó ọ̀nà ọ̀fun ológbò. Tó bá lò ó tán, tí ara ẹ̀ bá tiẹ̀ ti yá, kòkòrò náà ṣì lè sá pamọ́ síbẹ̀, ẹ tún ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ yẹ̀ wò.