Eyín tó ń jí yín lóru: ohun tẹ́ ẹ máa ṣe kẹ́ ẹ tó ní kí wọ́n yọ ọ́

Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ eyín. Bí eyín bá ti gbé ìṣe ẹ̀ dé, ohun méjì péré lọ̀pọ̀ wa mọ̀, ká máa ju oògùn sẹ́nu títí á fi rọlẹ̀ àbí ká ní kí dókítà kúkú yọ ọ́ dànù ká lè sùn. Ọ̀nà kẹta wà o, òun ni wọ́n ń pè ní root canal. Wọ́n á fọ inú eyín mọ́ láti òkè dé ìdí gbòǹgbò, wọ́n á dí i pa, eyín yín á ṣì wà lẹ́nu yín, ẹ ó sì máa fi jẹ ẹran.

Ẹ kọ́kọ́ wo irú ìrora tó jẹ́. Tí omi tútù bá kàn ta eyín fìrí tó sì lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ihò kékeré tí wọ́n á dí lásán. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá mu tíì gbígbóná tán tí eyín ṣì ń lù kìkìkì fún ìgbà pípẹ́, tàbí tó ń jí yín lóru láìjẹ́ pé ẹ jẹ nǹkan kan, ẹran rírọ̀ tó wà nínú eyín, níbi tí iṣan àti ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wà, ló ti ń wú, eyín sì le, kò rí àyè wú sí, ìdí nìyẹn tó fi ń dunni bẹ́ẹ̀ yẹn. Ìgbà míì ìrora á kàn dákẹ́ lójijì, ẹlòmíì á ní agbo ti ṣiṣẹ́. Irọ́ ni jàre! Iṣan yẹn ló kú, kòkòrò ṣì ń lọ sísàlẹ̀ ní tiẹ̀, tó bá yá oówo á yọ sára ẹran ìdí eyín tàbí kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú.

Tó bá jẹ́ òru ló mú yín, ẹ po ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀ mọ́ ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan, ẹ fi yọ ẹnu, kẹ́ ẹ fi òwú yọ oúnjẹ tó há sáàárín eyín, torí nígbà míì ẹran tó há síbẹ̀ gan-an ló ń fa gbogbo wàhálà. Ẹ gbórí sókè lórí ìrọ̀rí méjì, torí téèyàn bá dùbúlẹ̀ gbalaja ṣe ni ẹ̀jẹ̀ ń rọ́ wá sórí. Àgbàlagbà lè lo Paracetamol 500mg méjì ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, kó má ju mẹ́jọ lọ láàárín ọjọ́ kan, ó sì lè fi Ibuprofen 400mg kún un lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, àyàfi ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín tàbí ikọ́ fée (asthma), tàbí aláboyún, àwọn yẹn kó fi Ibuprofen sílẹ̀. Kànáfùrù tí wọ́n ń tà ní Òrìṣúnmbárẹ́ máa ń mú un kú díẹ̀, mi ò bá a jà, ṣùgbọ́n kò wò ó. Omi bátìrì, epo bẹntiróòlù, àbí kẹ́ ẹ lẹ aspirin mọ́ ìdí eyín, ẹ má dán an wò, ẹ ó kàn bó ẹran ẹnu yín ni.

Kápúsù apakòkòrò (antibiotic) tí wọ́n ń bu pọ̀ fúnni ní kẹ́míìsì ńkọ́? Eyín tí inú ẹ̀ ti kú ò ní ẹ̀jẹ̀ mọ́, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń gbé oògùn kiri, báwo ni oògùn ṣe fẹ́ débẹ̀? Ìgbà tí wíwú bá ń ràn tàbí tí ibà bá dé ni dókítà máa ń kọ ọ́, òun náà ò sì dí iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n ṣe sí eyín lọ́wọ́.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú dé ojú, tàbí abẹ́ àgbọ̀n àti ọrùn le gbandi, tí ẹnu ò ṣeé yà, tí itọ́ ò ṣeé gbé mì, tàbí tí èémí ń há, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀la mọ́. Ẹ má wá dókítà eyín kiri, ẹ gbà ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn lọ lóru yẹn, UNIOSUN Teaching Hospital tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní LAUTECH ni mo máa gbà lọ ní tèmi. Wíwú yẹn lè dí ọ̀nà èémí pa. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kó tètè gbéra ju ẹlòmíì lọ.

Tí ọ̀kadà bá gbé èèyàn ṣubú ní Ọláìyá tí eyín iwájú fò yọ lódindi, ibi funfun tá a fi ń jẹun ni kẹ́ ẹ dì mú, ẹ má fọwọ́ kan gbòǹgbò. Ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án díẹ̀, ẹ má ha á, ẹ tì í padà sínú ihò ẹ̀, kó fi eyín di aṣọ mímọ́ mú. Tí ò bá ṣeé tì padà, ẹ jù ú sínú mílíìkì olómi tàbí itọ́ ara ẹ̀, ẹ má wé e sínú tíṣù, kẹ́ ẹ sì sáré bá dókítà eyín kí wákàtí kan tó pé. Tó bá jẹ́ eyín ọmọdé tí ò tíì pàrọ̀, ẹ má tì í padà rárá.

Wàyí o, root canal fúnra ẹ̀. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó lọ, torí ẹnu á kú fún wákàtí mélòó kan, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn tẹ́ ẹ bá lóyún, tẹ́ ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí tẹ́ ẹ ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Wọ́n á ya X-ray, wọ́n á fún yín lábẹ́rẹ́, wọ́n á ta rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí eyín ká kí itọ́ má wọlé, wọ́n á wá lu ihò sí i, wọ́n á fi irin tín-ín-rín ha inú gbòǹgbò, wọ́n á sì máa fi omi oògùn fọ̀ ọ́. Ẹbí bílíìṣì tá a fi ń fọ aṣọ funfun ni omi yẹn, tó bá ń rùn ẹ má jáyà, ẹ má sì lọ dán an wò nílé o. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi gutta-percha, tó wá láti ara oje igi, dí i. Eyín iwájú sábà máa ń ní ihò gbòǹgbò kan, tẹ̀yìn lè ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìdí nìyẹn tí tẹ̀yìn fi ń pẹ́ tó sì ń wọ́n. Ẹ lè lọ lẹ́ẹ̀kan, ó sì lè tó ẹ̀ẹ̀mẹta.

Kẹ́ ẹ tó jókòó, ẹ béèrè bóyá owó tí wọ́n pè kó X-ray àti kíráùn, ìyẹn ìdérí líle tí wọ́n ń dé lé eyín, mọ́ ọn, bóyá wọ́n ní jẹnẹrétọ̀, torí iná ló ń gbé ẹ̀rọ yẹn, àti bóyá eyín tó kù ṣì tó gbé kíráùn dúró. Tí eyín bá ti fọ́ wọnú egungun, yíyọ náà ni. Tí wọ́n bá ní àwọn ò ṣe é níbẹ̀, Ifẹ̀ ò jìnnà, OAUTHC, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, lẹ́ka eyín.

Ó lè máa ro yín fún ọjọ́ mélòó kan tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ìyẹn ò burú. Ẹ má fi jẹ egungun tàbí obì títí wọ́n á fi dé kíráùn lé e, torí eyín ẹ̀yìn tí ò ní kíráùn tètè ń là sí méjì. Tí ohun tí wọ́n fi dí i fún ìgbà díẹ̀ bá jábọ́, ẹ pè wọ́n kíá kẹ́ ẹ padà lọ, torí itọ́ á tún gbé kòkòrò wọlé, wọ́n á sì tún gbogbo fífọ̀ yẹn ṣe.