Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ ilé ẹ̀rọ tẹlifóònù àtijọ́ di nǹkan míì l'Ábẹ́òkúta

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má tíì ra ọ̀dà o, ìwé ilé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ní 1985 ni wọ́n da apá tẹlifóònù iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó lẹ́tà àti tẹlifóònù, ìyẹn P&T pọ̀ mọ́ NET tó ń bójú tó ìpè sílẹ̀ òkèèrè, tó fi di NITEL, iléeṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, nígbà tó di 2015 dúkìá NITEL bọ́ sọ́wọ́ iléeṣẹ́ aládàáni kan, NATCOM, torí náà ẹ jẹ́ kí lọ́yà yẹ ìwé ẹ̀ wò dáadáa l'Ókè-Mọ́sàn níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ilé yìí ni agbára ẹ̀. Gbọ̀ngàn tí ẹ̀rọ tó ń so ìpè pọ̀ wà, wọ́n kọ́ ilẹ̀ ẹ̀ kó lè gbé irin tó wúwo gan-an, ògiri nípọn, sílìn ga, ooru ò fi bẹ́ẹ̀ mú níbẹ̀. Ẹ má gé e sí yàrá kéékèèké, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé á dúró níbẹ̀, àwọn tó ń ta àdìrẹ n'Ítòkú náà lè fi kó ọjà sí kí aṣọ má baà ṣá sóòrùn, àmọ́ ìta ni kí wọ́n ti máa rẹ ẹ́ o. Férémù irin tí wọ́n ń so wáyà gbogbo oníbàárà mọ́, ẹ fi apá kan ẹ̀ sílẹ̀ lára ògiri, àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn tí GSM dé ní 2001 ò rí irú ẹ̀ rí.

Yàrá bátìrì lẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún jù. Bátìrì ńláńlá tó ń gbé iná fóòtì (volt) 48 fún ẹ̀rọ ni wọ́n ń tò síbẹ̀, ásíìdì àti òjé ló wà nínú wọn. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ìsàlẹ̀ ògiri, tí símẹ́ńtì bá ń ṣí bí èèpo igi, ásíìdì ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Ẹ má gbá a ní gbígbẹ, eruku òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ wọ́n omi sí i, kẹ́ ẹ ha símẹ́ńtì yẹn kúrò, bó ti wù kó mọ́ tó ẹ má sọ ibẹ̀ di kíṣìnì.

Yàrá abẹ́lẹ̀ tí wáyà ń gbà wọlé láti títì ńkọ́? Ẹ ṣí i kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, kí ẹnì kankan má dá wọ̀ ọ́, torí afẹ́fẹ́ burúkú tí kì í rùn lè wà níbẹ̀. Àti pé bí ìlú wa ṣe jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkúta yìí, àgbàrá á gba inú páìpù yẹn wọlé, ẹ dí ẹnu èyí tẹ́ ẹ ò lò.

Sílìn asbestos, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi hámà fọ́ ọ o, eruku ẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ẹ fi omi rin ín kí wọ́n tú u lódindi. Níbi tí jẹnẹrétọ̀ wà tẹ́lẹ̀, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, tó bá ń rùn dísẹ́ẹ̀lì ẹ má gbẹ́ kànga sítòsí.