Bí A Ṣe Ń Gbin Ewé Olóòórùn Lẹ́mọ́ọ̀nù Láti Ara Irúgbìn

Kì í ṣe àìrómi mu ló sábà ń pa irúgbìn àwọn ewé tó ń rùn bí lẹ́mọ́ọ̀nù, iyẹ̀pẹ̀ tí a bù bò ó mọ́lẹ̀ ni. Hóró irúgbìn lemon balm, ọ̀kan lára àwọn ewé náà, kéré bí orí abẹ́rẹ́, ìmọ́lẹ̀ ló sì fẹ́ rí kó tó hù. Ẹni tó bá rì í mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí a ń gbin àgbàdo, iyẹ̀pẹ̀ lásán ló ń bomi rin.

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó yẹ ní ríra. Lemon balm àti efinrin olóòórùn lẹ́mọ́ọ̀nù ni mo fọwọ́ sí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Koríko ọba tí a máa ń fi ṣe tíì kì í sábà so irúgbìn. Ìdí koríko náà ni a ń pín gbìn. Irú rẹ̀ tó ń so irúgbìn dáadáa ni èyí tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Cymbopogon flexuosus. Ní ti lemon thyme (irú ewé thyme tó ń rùn bí lẹ́mọ́ọ̀nù), ọmọ tó bá hù láti ara irúgbìn rẹ̀ kì í sábà jọ ìyá, nítorí náà ẹ̀ka rẹ̀ ni kí ẹ gé gbìn. Ẹ̀ka náà ni kí ẹ gé gbìn fún lemon verbena, ewé olóòórùn lẹ́mọ́ọ̀nù mìíràn.

Ẹ wá abọ́ pẹlẹbẹ tó nihò nídìí. Ẹ po ilẹ̀dú ìwọ̀n méjì mọ́ iyanrìn ìwọ̀n kan, kí ẹ fi asẹ́ jọ̀ ọ́, kí ẹ rọ ọ́ sínú abọ́ náà, kí ẹ sì bomi rin ín kí irúgbìn tó kàn án. Ẹ da irúgbìn lemon balm pọ̀ mọ́ iyanrìn gbígbẹ díẹ̀, kó má baà ṣù jọ sójú kan, ẹ fọ́n ọn sórí ilẹ̀, kí ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó tán. Ẹ má bu nǹkan kan lé e.

Efinrin ní tirẹ̀ lè gba iyẹ̀pẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìdajì sẹ̀ǹtímítà kan. Bí omi bá ti kàn án, á wú, nǹkan yíyọ̀ bí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ á sì bo ara rẹ̀. Kò jẹrà o, bó ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ẹ fi ọ̀rá bo abọ́ náà, kí ẹ gbé e síbi tó mọ́lẹ̀ tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, nǹkan bíi 21°C. Efinrin á yọjú láàárín ọjọ́ 5 sí 10. Lemon balm lè lò tó ọjọ́ 10 sí 21, ọwọ́ á sì máa yún yín láti tú ilẹ̀ wò. Ẹ so ewé agbéjẹ́ẹ́ mọ́wọ́.

Gbàrà tí wọ́n bá ti hù, ẹ ṣí ọ̀rá kúrò. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀ tí atẹ́gùn kò sì ráyè wọlé, ìdí àwọn ọ̀gbìn á tín-ín-rín, wọ́n á dúdú, wọ́n á sì ṣubú lulẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni kí a gbé abọ́ lé inú omi díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ilẹ̀ fa omi láti ìsàlẹ̀, dípò kí a máa da omi lé wọn lórí. Èyí tó bá fún pọ̀, ẹ fa díẹ̀ tu.

Bí ọ̀gbìn bá ti ní ewé mẹ́rin sí mẹ́fà, ó tó ṣí lọ gbìn síbòmíràn. Ewé ni kí ẹ dì mú, kì í ṣe igi: ewé tó já á tún hù, igi tó bá tẹ̀ ti kú nìyẹn. Ẹ máa gbé wọn síta díẹ̀díẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó gbìn wọ́n. Ẹ fi 30 sí 45 sẹ̀ǹtímítà sáàárín lemon balm, 25 sáàárín efinrin. Oòrùn wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ ni efinrin ń fẹ́, kò sì fẹ́ òtútù rárá. Lemon balm fara da ibòòji.

Nígbà tí wọ́n bá ga tó 15 sẹ̀ǹtímítà, ẹ já orí wọn kí wọ́n lè yọ ẹ̀ka. Ẹ má rọ́ ajílẹ̀ púpọ̀ sí wọn: ewé á fẹ̀, ṣùgbọ́n òórùn á dín. Oyin fẹ́ràn òdòdó lemon balm gan-an (orúkọ rẹ̀ mìíràn, Melissa, kòkòrò oyin ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gíríìkì), ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ kó so, á hù káàkiri ọgbà.

Òwúrọ̀, bí ìrì bá ti gbẹ tí oòrùn kò tíì mú, ni kí ẹ máa já a. Òórùn lemon balm máa ń dín púpọ̀ bó bá gbẹ, nítorí náà ní tútù ni kí ẹ lò ó.