Bí A Ṣe Ń Yan Kẹ̀kẹ́ Ọmọ Tó Ṣeé Lò ní Ìlú Lọ́ńdọ̀nù

Kẹ̀kẹ́ ọmọ (pushchair, èyí tí a ń gbé ọmọ sí tí a sì ń tì) tó wu ojú nínú ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ilẹ̀ ti dán tí àyè sì fẹ̀, lè di ìnira fún ìyá ọmọ ní ọjọ́ kejì, nígbà tó bá dúró ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta tí kò ní líìfìtì, tí ọmọ wà ní apá kan, tí àpò ọjà wà ní apá kejì. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń tọ́mọ ní Peckham, ní Woolwich, ní Tottenham àti ní Hackney mọ ohun tí mo ń sọ. Ìlànà kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí òbí dì mú kó tó náwó: ibi tó le jù lọ lójú ọ̀nà tí ẹ ń gbà lójoojúmọ́ ni kí ẹ fi yan kẹ̀kẹ́, ẹ má fi ibi tó tẹ́jú yàn án.

Ẹ kọ́kọ́ kọ ọ̀nà yín sílẹ̀

Kí ẹ tó wo kẹ̀kẹ́ kankan, ẹ mú ìwé àti kálàmù, kí ẹ kọ gbogbo ibi tí ẹ máa ń dé láàrin ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀: ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tó ń wọn ọmọ, ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláásí, ilé-ìwé àwọn ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, ilé àwọn ẹbí. Níwájú ibi kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọkọ̀ tí ẹ ń wọ̀ débẹ̀, iye àtẹ̀gùn tí ẹ ń gùn, àti bí ojú ọ̀nà ṣe rí.

Ẹni tó ń wọ rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé, nínú ibùdókọ̀ 272 tí rélùwéè náà ní, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta péré ni ènìyàn ti lè ti kẹ̀kẹ́ láti ojú títì dé ibi tí a ti ń wọkọ̀ láìgun àtẹ̀gùn rárá. Ti Elizabeth line, ọ̀nà rélùwéè mìíràn nínú ìlú náà, yàtọ̀: gbogbo ibùdókọ̀ rẹ̀, 41, ló ṣeé wọ̀ láìgun àtẹ̀gùn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni gbogbo ibùdókọ̀ DLR (Docklands Light Railway), rélùwéè kékeré ti ìhà ìlà-oòrùn ìlú. Ìyàtọ̀ yìí ló fà á tí kẹ̀kẹ́ tó bá ìyá kan lára mu ní Woolwich, níbi tí ọkọ̀ méjèèjì yìí ti ń dúró, lè máà bá ẹlòmíì mu ní Peckham, níbi tí kò ti sí ibùdókọ̀ rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ rárá, tó jẹ́ pé bọ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbára lé. Transport for London, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ ìlú náà, ń tẹ àwòrán ọ̀nà kan jáde lọ́fẹ̀ẹ́ tó ń fi àwọn ibùdókọ̀ tí kò ní àtẹ̀gùn hàn. Ẹ wá a, kí ẹ sì fi wé ìwé tí ẹ kọ.

Ẹ wọn ilé yín

Ẹ mú téèpù, kí ẹ wọn àyè tó ṣí sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀dẹ̀dẹ̀, inú líìfìtì bí ó bá wà, àti ibi tí kẹ̀kẹ́ yóò máa sùn. Ọ̀pọ̀ òbí máa ń rò pé àwọn yóò máa fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà gbogbogbòò. Ní ọ̀pọ̀ ilé kánsù àti ilé àwọn ẹgbẹ́ onílé (housing association), wọn kì í gbà á, nítorí pé ọ̀nà yẹn ni gbogbo ará ilé yóò gbà sá jáde bí iná bá ṣẹ́ yọ, ìdí náà sì tọ̀nà. Bí ó bá wá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ó máa gbé kẹ̀kẹ́ náà gòkè ni. Ọmọ ọdún kan sábà máa ń wọ̀n tó kílò 9 tàbí 10. Bí kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ bá tó kílò 12, ẹrù tó lé ní kílò 20 ni ìyá yóò máa gbé gun àtẹ̀gùn, láì tíì ka ọjà mọ́ ọn. Fún ẹni tó ń gbé ní àjà kejì tàbí ìkẹta láìsí líìfìtì, èrò mi ni pé kí kẹ̀kẹ́ má ṣe ju kílò 7 lọ.

Ẹ ronú nípa bọ́ọ̀sì kí ẹ tó ronú nípa àwọ̀

Ní àárín bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù, àyè kan wà tí kò ní ìjókòó. Ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ nítorí pé kò lè rìn ni wọ́n ṣe é fún, òun ló sì ni ín. Òbí tó ní kẹ̀kẹ́ ọmọ lè lo àyè náà nígbà tó bá ṣófo, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ni ín bá fẹ́ wọlé, ó yẹ kí òbí sún kúrò tàbí kó ká kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ kò. Ọ̀rọ̀ yìí dé ilé-ẹjọ́. Ní ọdún 2012, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan sọ fún obìnrin kan pé kó kúrò ní àyè náà kí Doug Paulley, tó ń lo kẹ̀kẹ́ àwọn tí kò lè rìn, lè wọlé. Obìnrin náà ní ọmọ òun ń sùn, àti pé kẹ̀kẹ́ náà kò ṣeé ká. Paulley kò rí ọkọ̀ náà wọ̀. Ó pe FirstGroup, iléeṣẹ́ tó ni bọ́ọ̀sì náà, lẹ́jọ́, ó sì jà á títí dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, tó dá a láre ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 pé kò tó kí awakọ̀ kàn bẹ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, kó sì fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Nítorí náà, kẹ̀kẹ́ tí kò ṣeé ká kíákíá yóò mú yín ṣe ọ̀kan nínú ohun méjì: ẹ ó dènà fún ẹni tó ni àyè, tàbí kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ sínú òjò kí ẹ máa retí bọ́ọ̀sì mìíràn. Kò sí ìkankan tó dára níbẹ̀. Láàárọ̀, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń lọ síbi iṣẹ́, kẹ̀kẹ́ ọmọ méjì lè ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó dé, nígbà náà ẹni tó lè ká tirẹ̀ ni yóò rí ọkọ̀ wọ̀.

Ẹ dán kíká rẹ̀ wò pẹ̀lú ọwọ́ kan

Èyí ni mo kà sí ìdánwò tó ṣe pàtàkì jù lọ. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ gbé àpò tó wúwo diẹ̀ sí apá kan bí ẹni gbé ọmọ, kí ẹ sì fi ọwọ́ kejì ká kẹ̀kẹ́ náà, kí ẹ gbé e, kí ẹ rìn yíká pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ tún ṣí i padà. Kí ẹni tí yóò máa lò ó jù lọ ṣe é fúnra rẹ̀. Bí ó bá ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó rí bọ́tìnì, tàbí kó fi orúnkún ti irin, tàbí kó kọ́kọ́ yọ ìjókòó kúrò lára rẹ̀, kẹ̀kẹ́ náà kò bá bọ́ọ̀sì mu.

Kíká tí à ń sọ yìí kò pẹ́ púpọ̀ láyé. Owen Maclaren, ẹnjiníà ará Gẹ̀ẹ́sì tó ti ṣiṣẹ́ lórí ẹsẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú ogun Spitfire, ló ṣe kẹ̀kẹ́ ọmọ onírin àlùmíníọ́ọ̀mù tó ń ká bí agbòjò ní ọdún 1965, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bí kílò 3 lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí irin ti ń pàdé irin léwu fún ìka ọmọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2009, wọ́n kéde ìpèpadà nǹkan bí mílíọ̀nù kan kẹ̀kẹ́ Maclaren ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí ìròyìn dé pé ó ti gé orí ìka ọmọ 12. Ẹ wo oríkèé àwọn irin náà dáadáa bóyá nǹkan bò ó, kí ẹ má sì ṣí kẹ̀kẹ́ tàbí kí ẹ ká a nígbà tí ọmọ bá wà nítòsí rẹ̀.

Níbí ni ọ̀já ti wúlò fún wa gan-an. Ìyá tó bá pọn ọmọ rẹ̀ ní ọwọ́ méjèèjì lófo: ó lè ká kẹ̀kẹ́, ó lè di irin àtẹ̀gùn mú, ó lè san owó ọkọ̀. Ọmọ tí ọrùn rẹ̀ ti le ni mo ń sọ, ẹ má pọn ọmọ tuntun lọ sínú èrò. Kí ọ̀já máa wà nínú àpò yín nígbà gbogbo. Bí ẹ bá ní in lọ́kàn láti máa pọ̀n lójú àtẹ̀gùn, kò pọn dandan kí ẹ ra kẹ̀kẹ́ olówó ńlá, èyí tó fúyẹ́ tó sì lágbára ti tó.

Ẹ wo ọjọ́ orí ọmọ

Ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ lè na gbalaja lórí ẹ̀yìn rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, títí di nǹkan bí oṣù 6, tàbí ìgbà tó bá lè jókòó fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ fífúyẹ́ kò ní ìjókòó tó tẹ́jú tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ ka ọjọ́ orí tí olùṣe kọ sára rẹ̀. Àwọn kan máa ń gbé ìjókòó mọ́tò ọmọ lé orí kẹ̀kẹ́. Ó rọrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìjókòó mọ́tò kì í ṣe ibi oorun, kò yẹ kí ọmọ pẹ́ nínú rẹ̀ ju wákàtí 2 lọ, ti ọmọ tuntun sì gbọ́dọ̀ kéré sí i gan-an.

Bẹ́líìtì rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ onígun márùn-ún: méjì láti èjìká, méjì láti ìbàdí, ọ̀kan láàrin ẹsẹ̀. Ẹ wá àmì BS EN 1888, ìlànà ààbò fún kẹ̀kẹ́ ọmọ, lára rẹ̀. Apá kìíní ìlànà náà wà fún kẹ̀kẹ́ tó ń gbé ọmọ tó tó kílò 15, apá kejì sì wà fún èyí tó ń gbé ọmọ títí dé kílò 22.

Ẹsẹ̀ rẹ̀, ìbú rẹ̀ àti apẹ̀rẹ̀ abẹ́ rẹ̀

Táyà tó kéré máa ń há sínú kòtò àti etí títì, èyí tó tóbi sì ń gba àyè. Fún ìlú, mo fara mọ́ táyà rọ́bà tí kò ní afẹ́fẹ́, tí èyí tó wà níwájú lè yí síbi gbogbo, nítorí kò ní jò lójú ọ̀nà. Ẹ tẹ bíréèkì rẹ̀ lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ẹ rí i pé kò yẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjà ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí. Ẹni tó bá lọ sí Rye Lane, òpópónà ọjà ní Peckham, ní ọjọ́ Sátidé mọ bí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ṣe ń kún, mọ̀ pẹ̀lú pé iṣu, gàrì àti epo pupa kì í ṣe ẹrù kékeré. Bí ẹ bá gbé wọn kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ yóò fì sẹ́yìn, pàápàá nígbà tí ẹ bá gbé ọmọ kúrò nínú rẹ̀, tàbí nígbà tí ọmọ bá na ara rẹ̀ sẹ́yìn. Apẹ̀rẹ̀ abẹ́ kẹ̀kẹ́ ni ẹrù ń wọ̀, olùṣe sì ti kọ ìwọ̀n tó lè gbé sára rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ púpọ̀ kò lè gbé ju kílò 5 lọ, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ka iye náà kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì gbé ìyókù sínú àpò ẹ̀yìn tàbí kẹ̀kẹ́ ọjà mìíràn tí ẹlòmíì yóò máa fà.

Ìbejì pọ̀ láàrin wa, nítorí náà ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ oníjókòó méjì kan ọ̀pọ̀ ilé. Èyí tí Táíwò àti Kẹ́hìndé ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sábà máa ń fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 75, ẹ rí i dájú pé ẹnu ọ̀nà ilé yín gbà á. Èyí tí ọ̀kan ń wà lẹ́yìn èkejì tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ó gùn, ó ṣòro láti yí nínú bọ́ọ̀sì tó kún.

Ẹ ra ọ̀rá òjò mọ́ ọn. Nígbà ooru, ẹ má da aṣọ bo kẹ̀kẹ́ nítorí oòrùn, bó ti wù kí aṣọ náà fẹ́lẹ́ tó, torí afẹ́fẹ́ kì í ráyè wọlé mọ́, ara ọmọ á sì máa gbóná. Agbòjò kékeré tí a ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló dára.

Bí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù

Àlòkù tó dára wà púpọ̀, n kò sì rí ohun ìtìjú kankan nínú rẹ̀. Ẹ fa bẹ́líìtì rẹ̀ gírígírí, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ ká a, ẹ ṣí i, kí ẹ gbọ́ bí ó ti ń dún nígbà tí ìdè rẹ̀ bá wọlé. Ẹ wá orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ mọ̀ bóyá olùṣe ti pe irú rẹ̀ padà rí. Bí irin rẹ̀ bá ti tẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Ẹ gbé e rìn kí ọjọ́ tó kọjá

Bí ẹ bá ra tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún yín ní ọjọ́ 14 lẹ́yìn tó bá dé ọwọ́ yín láti sọ pé ẹ kò fẹ́ ẹ mọ́. Bí ẹ bá rà á nínú ṣọ́ọ̀bù, òfin kò fún yín ní àyè bẹ́ẹ̀ àfi bí ó bá ní àbùkù, nítorí náà ẹ béèrè ìlànà ìdápadà wọn kí ẹ tó sanwó. Ẹ má yọ ìwé ara rẹ̀. Ẹ gbé àpò ìrẹsì kílò 5 sínú rẹ̀ dípò ọmọ, kí ẹ tì í yíká nínú ilé, kí ẹ gbé e gun àtẹ̀gùn yín, kí ẹ ká a níbi tóóró tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí apá bá ń ro yín ní àjà kejì, tàbí tí kò bá gba ẹnu ọ̀nà, ẹ dá a padà kí ọjọ́ 14 náà tó pé.